Ẹni Tó Ń Gba Aṣọ Lẹ́yìn Máṣíìnì

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń jà nínú ilé yẹn. Kì í ṣe pé ìjà náà kò gbóná; àyè ariwo ni kò sí. Òru ni bàbá fi ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, òwúrọ̀ ló ń wọlé wá sùn, kọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì pín ibi tó ń sùn sí kúrò lára ìyókù ilé. Ní ìhà ìhín kọ́tìnnì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ló ti ń dáná, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì níwèé. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́sàn-án á rò pé ilé ọ̀fọ̀ ni.

Ọkọ ń tú okùn bàtà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oorun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lulẹ̀ lórí ìjókòó.

"Ṣé òní ni Màdámú ọ́fíìsì yẹn ń bọ̀?"

"Òní ni. Wọ́n ní tó bá di ọ̀sán."

"Kó tètè wá. Kó wá bá wa kó wọn padà sílé-ìwé, kí èmi náà lè sùn bí èèyàn."

"Bàbá Lọ́yà, ẹ rọra sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń gbọ́."

"Mo rọra. Ta ló tún rọra tó mi nínú ilé yìí? Ilé mi ti di ilé-ìwé, èmi nìkan ni wọn kì í fún ní ọlidé."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí agbára rẹ̀. Ó gbé tíì àti búrẹ́dì síwájú ọkọ rẹ̀. Ọkọ jẹ díẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún, tó ń yí síhìn-ín, tó ń yí sọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá dán àwọn ọmọ náà wò. Tí wọ́n bá mọ̀wé tó ẹgbẹ́ wọn, ìyá wọn lè máa kọ́ wọn lọ nílé. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn títì, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń jókòó lórí páálí, tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pa pọ̀, tó sì jẹ́ pé pàṣán ló fi ń pè wọ́n lórúkọ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tí inú kò bí i, ọmọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ ni. Ọmọkùnrin àgbà ilé yìí lọ síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní lẹ́yìn tó ti dàgbà kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ mú un kúrò níbẹ̀ ni títọ̀ náà dáwọ́ dúró. Ìyá kò tún fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lọ kó irú ẹ̀ wálé.

Ọmọkùnrin náà ni wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kì í wá ẹjọ́ sí nídìí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Bọ́tìnnì. Ó ti bọ́tìnnì bọ imú nígbà tó ń rákò, wọ́n gbé e dé ọsibítù kó tó jáde, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìyá wọn ní orúkọ tirẹ̀ náà. Ìyá Tíṣà ni àwọn ará ilé ń pè é, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń yìn ín.

"Ẹ súnmọ́bí," ló wí. "Ká ka díẹ̀ kí àlejò tó dé."

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wáyé nìyí: ìdí máṣíìnì. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, òkìtì rẹ̀ sì ga nílẹ̀, nítorí sáà tuntun ti fẹ́ wọlé, gbogbo ìyá àdúgbò ló sì ń fẹ́ tiwọn kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni o, obìnrin tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé yẹn, òun ló ń rán aṣọ fún àwọn tó ń lọ. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Ó ṣí ìwé sórí pákó máṣíìnì lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó fi sìsọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà pa dé. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn, èèpo rẹ̀ ti já lọ tipẹ́. Lọ́yà dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì lọ sí òdì-kejì, lójúkojú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa gba aṣọ tó bá ń yọ lẹ́yìn máṣíìnì. Funfun ni gbogbo ẹ̀wù yẹn, ilẹ̀ ilé sì dọ̀tí bí wọ́n ti wù kí wọ́n gbá a tó. Ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ jòjòló, á gba aṣọ, á ká a, ojú rẹ̀ á sì wà lórí ìwé.

"Ewúrẹ́ àgbà já okùn," ni Lọ́yà kà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó wọ oko tó wà lẹ́bàá ọ̀nà."

"Bọ́tìnnì, ìwọ ńkọ́?"

"Gbogbo ilé ń wá a kiri," ni Bọ́tìnnì kà, òun náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò kọsẹ̀ níbì kankan.

"O káre. Kọ 'ewúrẹ́' fún mi."

Bọ́tìnnì mú ṣọ́ọ̀kì tí ìyá rẹ̀ fi ń sàmì sára aṣọ, ó kọ ọ́ sórí pákó máṣíìnì láti ibi tó dúró sí. Ìyá gbójú sókè kúrò lára abẹ́rẹ́, ó rí i pé gbogbo lẹ́tà ló dúró ṣinṣin níwájú òun. "O tún káre," ló wí. Aṣọ wọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó sì nu ún kúrò.

"Mọ́mì," Bọ́tìnnì ní, "ta ló máa sin ewúrẹ́ yìí?"

"Sin kí ni? Gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ń wọ́."

Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ̀yin ò mọ̀ ni, ìwé tí Bọ́tìnnì ń kà yẹn, ó máa ń—"

"Lọ́yà! Panu mọ́. Bàbá yín ń sùn."

Lọ́yà pa á mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí. Ẹjọ́ tí ọmọ yẹn ti rò tí kò parí nínú ilé náà, tí wọ́n bá kó o jọ, kò ní gbà sínú yàrá.

Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹ̀wà ti jóná. Ìyá sáré dé ìdí sítóòfù, ó fi etí aṣọ rẹ̀ gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró, ó ń wò ó. Kò bínú, kò kígbe. Ó kàn dúró ni, ọwọ́ lẹ́rán, bí ẹni pé wọ́n ní kó dúró de ẹnì kan níbẹ̀. Ìgbà tó yá ló mú ṣíbí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó wà lókè.

"Ìyá Tíṣà! Kí ló ń jó lọ́dọ̀ yín?"

Ìyá Orí-Àtẹ̀gùn nìyẹn. Àgbàlagbà ni, òkè pátápátá ló ń gbé, ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn ló máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde láìjẹ́ pé ó san owó ibodè ọ̀rọ̀ fún un.

"Ẹ kú ọ̀sán o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, Bàbá Lọ́yà ń sùn."

"Kó máa sùn. Ṣé aṣọ ọmọ-ọmọ mi ti jáde?"

"Ó kù kí n gán etí rẹ̀, mà. Ẹ máa rí i láàárọ̀ ọ̀la."

"Wọ́n ní ìjọba ń bọ̀ wá mú ẹ lónìí."

"Wọn ò mú mi, mà. Wọ́n fẹ́ wo àwọn ọmọ ni."

Ìyá Orí-Àtẹ̀gùn yọ orí wọlé, ó wo òkìtì aṣọ, ó wo àwọn ọmọ, ó yínmú. "Nǹkan rẹ ń yà mí lẹ́nu. O wọ gbogbo ọmọ àdúgbò láṣọ, o ní kí wọ́n máa lọ. Tìrẹ, o fi wọ́n síbí, wọ́n ń bá ẹ ṣa píìnì nílẹ̀. Kí lo mọ̀ tí olùkọ́ ò mọ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé ni?"

Ìyá Tíṣà fẹ́ dákẹ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà fún un.

"Ọmọ-ọmọ yín ńkọ́, mà? Ṣé ó ti ń kàwé báyìí?"

Ìyá Orí-Àtẹ̀gùn fi ìka rẹ̀ kan ẹ̀wù kékeré tó wà lókè òkìtì.

"Ó ń lọ," ló wí. "Ó ń lọ, ó sì ń bọ̀."

Ó gun àtẹ̀gùn padà lọ.

Ọ̀sán pọ́n tán kí Màdámú ọ́fíìsì tó dé. Wọ́n ti ń retí èèyàn gàgàrà tí yóò máa fojú pa wọ́n, ẹni tó wọlé wá kàn jẹ́ obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà. Omi ló kọ́kọ́ tọrọ. Ó jókòó sórí àpótí aṣọ, ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, ó gbọ́ pé ẹnì kan ń sùn, òun náà sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́yà ló kọ́kọ́ pè. Lọ́yà kàwé, ó ṣírò, ó sì bá a jiyàn lórí ìṣirò kan títí tí obìnrin náà fi rí i pé òun lòun ṣì í.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

"Mọ́mì mi ni, mà. Ṣùgbọ́n èmi náà gbìyànjú."

Màdámú rẹ́rìn-ín. Ara ìyá wálẹ̀ díẹ̀. Ó ti ń dúró láti ìgbà tí obìnrin náà ti wọlé, ó sì wá fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ó ku kékeré. Wá, ọmọ mi, jókòó síbí." Àga ìdí máṣíìnì ló tọ́ka sí. Àga kan ṣoṣo tó wà nínú ilé nìyẹn, Bọ́tìnnì kò sì tíì jókòó lórí rẹ̀ rí. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá ní kó gun orí ẹ̀. Ó gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀. Màdámú yọ ìwé pẹlẹbẹ kan nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí pákó máṣíìnì níwájú rẹ̀. "Kà á fún mi."

Bọ́tìnnì wo ìwé náà. Ó wò ó títí. Ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún wò ó.

"Má bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan."

Ìyá kúrò lára ògiri. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n, mà. Ó ń tijú ni. Bọ́tìnnì, kà á! Ṣebí láàárọ̀ yìí lo kàwé fún mi?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, mà," Màdámú wí. "Lẹ́tà yìí ńkọ́, ọmọ mi? Kí ni wọ́n ń pè é?"

Omi ti dé ojú Bọ́tìnnì. Lọ́yà la ẹnu, ìyá rẹ̀ sì ti wò ó kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ìyá fúnra rẹ̀ ń rí àwọn ọmọ tó jókòó sórí páálí, ó ń rí ẹní tó tutù láàárọ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé irọ́ ni òun ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí, ṣé ọmọ náà kàn ń há a sórí látẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ojú tì í dé ẹsẹ̀.

Bọ́tìnnì bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó rìn yí máṣíìnì ká, ó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

"Kò burú," Màdámú wí, ó ń fa àpò rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù, mà. Níbi gbogbo tí mo ń dé ni wọ́n ti ń sọ pé ọmọ mọ̀ ọ́n, ó ń tijú ni. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ti èyí, mi ò lè..."

Ó dẹ etí sílẹ̀. "Kí ni ọmọ yẹn ń sọ?"

Bọ́tìnnì ti dúró sáyè rẹ̀ lẹ́yìn máṣíìnì, níbi tó ti máa ń gba aṣọ. Ó na ọrùn sórí ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí pákó, ètè rẹ̀ ń mì.

"Òjò rọ̀ lánàá. Odò kún. Ajá wa wà lódì-kejì. Ó ń gbó, kò lè kọjá wá."

"Gbé ohùn sókè, ọmọ mi."

"Dádì ń sùn," ni Bọ́tìnnì wí.

Màdámú wo kọ́tìnnì. Ó dìde, ó lọ dúró ti ọmọ náà, ó yí ìwé náà kó lè kọjú sí i bó ti yẹ. Bọ́tìnnì dákẹ́. Màdámú yí i padà, kí orí ìwé wà nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì ń kà á lọ geere, ó kà á dé òpin, ó sì gbójú sókè láti mọ̀ bóyá ìwé míì wà.

Màdámú wo ọmọ, ó wo àga tó wà ní ìhà kejì, ó wá wo ìyá. Ìyá ń wo pákó máṣíìnì, ibi tí ṣọ́ọ̀kì àárọ̀ ti kù bí èéfín.

"Èmi fẹ́ sọ ọ́," Lọ́yà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ní kí n panu mọ́."

"Ta ló máa ń jókòó tì í tó bá ń kàwé?" Màdámú béèrè.

Ìyá wo ẹ̀yìn máṣíìnì. "Òun ló ń bá mi gba aṣọ," ló rí sọ.

"Ọmọ yìí mọ̀wé, mà. Orí ọmọ yìí pé. Ẹnì kan ni kò jókòó tì í." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó wọra. "Mi ò lè lọ sọ ní ọ́fíìsì pé ọmọ kan wà tó ń kàwé tí wọ́n bá dorí ìwé kodò. Màá padà wá kí ilé-ìwé tó wọlé. Tó bá lè kà á bí gbogbo èèyàn ṣe ń kà á, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Tí kò bá lè kà á, ilé-ìwé ni."

"Kí ilé-ìwé tó wọlé?" Obìnrin náà wo òkìtì aṣọ nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde kí ilé-ìwé tó wọlé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó bá dé ọ̀hún, mà, nínú èrò yẹn, lórí páálí, ta ni yóò jókòó tì í?"

Màdámú gbé ife omi, ó mu èyí tó kù nínú rẹ̀. Ó rọra gbé ife náà sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun omi," ló wí, ó sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú padà sínú bàtà.

Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí kọ́tìnnì fi ṣí. Bàbá dúró níbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì sùn rárá.

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ló wí. "Ọmọ ń dorí ìwé kodò nínú ilé yìí, ìwọ tó wà níwájú rẹ̀ kò rí i?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ń sùn."

"Ẹ̀yin ń sùn. Èmi ń ránṣọ."

Ibẹ̀ ni ìjà náà parí sí. Ìyá bu ẹ̀wà tó ṣà fún ọkọ rẹ̀, ọkọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú òórùn iná tó wà lára rẹ̀, kò ṣàwáwí. Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé tọ́ọ̀ṣì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ya òwú funfun díẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ ìránṣọ.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Màá fi dí etí. Láti ọ̀la, kí wọ́n máa kàwé sókè."

Ó lọ. Lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ tí Ìyá Orí-Àtẹ̀gùn ń bi í pé ṣé ìjọba ti kó àwọn ọmọ náà lọ.

Ìyá tan iná, ó jókòó sídìí máṣíìnì. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé bí wọ́n bá ní kó sunkún, kò ní rí omi ẹ̀. Ẹ̀wù ọmọ-ọmọ Ìyá Orí-Àtẹ̀gùn ló wà lókè, àárọ̀ ọ̀la ló sì ṣèlérí rẹ̀. Ó ti etí aṣọ náà sábẹ́ abẹ́rẹ́. Bọ́tìnnì kò dúró kí wọ́n pe òun, ó ti lọ sẹ́yìn máṣíìnì, ó ti na ọwọ́ méjèèjì.

"Kúrò níbẹ̀," ìyá wí. "Máa bọ̀ níbí."

"Ta ló máa gba aṣọ?"

"Mo ní kó o máa bọ̀."

Ìyá sún lórí àga, wọ́n jókòó lé e pa pọ̀, ìdajì ara rẹ̀ wà lóde. Ó ṣí ìwé, ó fi sìsọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìka ọmọ náà sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bọ́tìnnì kò wo ọ̀rọ̀ náà. Àwòrán tó wà lókè rẹ̀ ló ń wò. Ó wò ó, ó bojú wo ìyá rẹ̀, ó tún wò ó.

"Mọ́mì, ewúrẹ́ yìí ti dìde."

"Kí lo wí?"

"Ó ti dìde dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nílẹ̀." Ohùn ọmọ náà lọ sókè, kò sì sẹ́ni tó ní kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ló máa ń fi lélẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wà lókè. Mo rò pé ó ti kú ni. Mọ́mì, ṣé kò kú?"

Ẹsẹ̀ ìyá ṣì ń wa máṣíìnì láìmọ̀, aṣọ funfun ń yọ lódì-kejì, kò sí ọwọ́ tó ń gbà á.

"Kò kú," ló wí. "Kà á fún mi."

Bọ́tìnnì fi ìka tẹ lẹ́tà náà, ó ń fi ẹnu wá a bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn. "E," ló wí. "E... wú..." Lẹ́yìn máṣíìnì, ẹ̀wù náà yọ́ kúrò lórí pákó, ó balẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ, kò dìde.